Kí ló dé tó jẹ́ ilẹ̀ tí ò ní nǹkan kan ni ìlú ńlá ti kọ́kọ́ yọ? (Súmérì, Íjíbítì àtàwọn yòókù)

akẹ́kọ̀ọ́_alẹ́:

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́. Tẹ́nì kan bá ti béèrè irú èyí rí ẹ má bínú, mo wá a títí mi ò rí i ni.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń ka nǹkan nípa Súmérì, ìyẹn apá gúúsù ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ìráàkì lónìí, láàárín odò Tígírísì àti Yúfírétì, ibi tí Bíbélì ń pè ní ilẹ̀ Ṣínárì. Ẹni tó bá ti ka Jẹ́nẹ́sísì orí 10 rí á rántí Érékì àti Ákádì, èmi ka orúkọ yẹn kọjá láìmọye ìgbà lọ́mọdé, mi ò mọ̀ pé ìlú gidi ni, àfi ìgbà tí mo wá rí i pé Érékì yẹn náà ni Úrúkù táwọn awalẹ̀pìtàn ń hú jáde nínú iyanrìn, ìlú tó jẹ́ pé ní bíi 2900 BC odi tó yí i ká gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 9, àwọn tó ń gbé inú ẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀, á tó 40,000 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà yẹn!

Ohun tó wá ń dà mí láàmú rè é. Ilẹ̀ yẹn ò ní nǹkan kan. Òjò ibẹ̀ ò tó gbin ọkà. Kò sókùúta, kò sí igi gidi tó ṣeé fi ṣòrùlé, kò sí bàbà, kò sí tánganran. Amọ̀, esùsú, ẹja, omi, ó parí. Bẹ́ẹ̀ àwọn òkè tó wà lápá àríwá àti ìlà oòrùn ẹ̀ ń rójò dáadáa, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gbin àlìkámà àti bálì tí wọ́n ń sin àgùntàn àti ewúrẹ́, ó lé ní 4,000 ọdún kí Úrúkù tó di nǹkan kan. Kí ló dé tí kì í ṣe ọ̀hún ni ìlú ńlá ti yọ?

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, Íjíbítì náà etí odò ni, àmọ́ nígbà tó fi máa di bíi 3100 BC ọba kan ṣoṣo ti ń pàṣẹ látòkè dé ìsàlẹ̀ Náílì. Ti Súmérì ò rí bẹ́ẹ̀. Úrúkù, Úrì, Lágáṣì, Úmà, Kíṣì, olúkúlùkù ló ní òrìṣà tiẹ̀, ọba tiẹ̀, odi tiẹ̀, wọ́n sì ń bára wọn fà á fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí Ságónì ará Ákádì tó wá kó gbogbo wọn sábẹ́ ní bíi 2334 BC. Odò kó àwọn kan jọ, ó fọ́n àwọn kan ká, kí ló fà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé omi ni ìyè o, gbogbo ìwé tí mo kà ló ti sọ ìyẹn.

Omi-ò-lọ́tàá:

Iṣẹ́ omi niṣẹ́ mi, pọ́ǹpù, gọ́tà, bíbomirin oko, torí náà ẹ jẹ́ n mú un látibi tó kàn mí. Àwọn èèyàn máa ń rò pé odò wà ńlẹ̀, wọ́n sáà ń bomi sóko, ọkà ń hù, ìlú ń ga sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìgbà tẹ́nikẹ́ni ò fẹ́ ẹ lomi Yúfírétì ń dé. Òjò dídì tó bo orí òkè nílẹ̀ Tọ́kì lọ́hùn-ún ló ń yọ́ tó ń ṣàn wá, nígbà tó bá fi máa dé ìsàlẹ̀ á ti di oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, ìgbà yẹn gan-an sì ni bálì ti gbó lóko tó ń dúró de dòjé. Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ fúnrúgbìn, lóṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, odò á ti fà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún le? Wọ́n gbọ́dọ̀ dènà omi lóṣù kan, kí wọ́n tún fà á wá lóṣù míì. Bèbè gbọ́dọ̀ ga, ipa omi gbọ́dọ̀ jìn, ẹrẹ̀ sì ń dí ipa omi lọ́dọọdún débi pé tẹ́ ò bá kó o fún ọdún méjì mẹ́ta, ẹ ti padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé kan ò lè dá a ṣe.

Àmọ́ ṣá o, ẹ má bá mi sọ pé torí ipa omi ni wọ́n ṣe fi ọba jẹ. Àbá yẹn gbajúmọ̀ gan-an láti 1957, pé iṣẹ́ omi tó tóbi ló bí ọba tó le. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà táwọn awalẹ̀pìtàn wá rìn káàkiri ilẹ̀ Ìráàkì tí wọ́n ya àwòrán àwọn ipa omi àtijọ́, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó pẹ́ jù kéré, ará abúlé ló gbẹ́ ẹ, wọ́n kàn ń ya ẹ̀ka odò tó ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ipa omi gbọ̀ngbọ̀n tó gùn lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, ẹ̀yìn ọba ni wọ́n dé.

Ohun tí omi ṣe ní tòótọ́ lójú tèmi ni pé ó jẹ́ kí oko kan sàn ju òmíì lọ fíìfíì. Ẹni tí oko ẹ̀ wà níbi tí omi ti ń wọlé á kọ́kọ́ mu yó, ẹni tó wà nídìí ìsàlẹ̀ á máa retí èyí tó bá ṣẹ́ kù. Tó bá wá di ọdún tí omi ò tó, ẹni ìsàlẹ̀ á yá ọkà lọ́wọ́ ẹni òkè. Ọdún mélòó ni wọ́n máa fi yá a kó tó di pé oko gan-an ti di ti ẹni òkè? Ẹ fi iyọ̀ kún un. Oòrùn ibẹ̀ ń fa omi inú ilẹ̀, iyọ̀ ń ṣẹ́ kù lókè, ilẹ̀ ń funfun, àlìkámà ò sì gba iyọ̀ tó bálì, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ pé bálì ni wọ́n gbára lé jù. Mo ti fojú ara mi rí ilẹ̀ tí iyọ̀ bà jẹ́ torí pé wọ́n ń bomi rin ín láìṣe ibi tómi máa gbà jáde, ó máa ń ṣeni láàánú.

Bàbá_Wàláà:

Ọmọ mi, ìbéèrè tó dáa lo béèrè yìí. Arákùnrin olómi ti sọ tiẹ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ n fi ti ọkà kún un, torí èmi gbà pé ọkà lọ̀rọ̀ wà ju omi lọ.

Wò ó, bálì nǹkan tó rí bákan ni. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń gbó. Orí ilẹ̀ ló ń so sí, kì í fara pa mọ́ sínú ilẹ̀. Tó bá gbẹ, á pẹ́ nínú àká láìbàjẹ́. O lè wọ̀n ọ́n, o lè pín in, o lè kó o sínú ọkọ̀ ojú omi kó o gbé e lọ sílùú míì. Ẹni tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ ò lè rí ohun tó sàn jù bẹ́ẹ̀, á kàn dé lásìkò ìkórè, á wo oko, á mọ iye tó yẹ kó gbà. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkà ló kún inú ìwé tó pẹ́ jù lọ láyé. Àwọn wàláà amọ̀ tí wọ́n hú ní Úrúkù, tí wọ́n kọ ní bíi 3300 sí 3000 BC, tẹ́ ẹ bá mú mẹ́wàá, ó ju mẹ́jọ lọ tó máa jẹ́ ríkọ́ọ̀dù: àgùntàn mélòó, ọtí bálì mélòó, lágbájá gba báyìí, tàmẹ̀dò ò tíì dá tiẹ̀ padà. Kò sórin ńbẹ̀, kò sádùúrà ńbẹ̀, kò sí ìtàn ọba. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ka ìwọ̀n bálì 29,086 láàárín oṣù 37, wọ́n sì kọ Kúṣímù sídìí ẹ̀. Bóyá orúkọ èèyàn ni o, bóyá orúkọ oyè ni o, akọ̀wé àká ni ṣá. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí ẹ̀, pé nínú gbogbo akọni tó wà láyé ìgbà yẹn, akọ̀wé àká lorúkọ tiẹ̀ kù ńlẹ̀.

Àwo kan tún wà. Àwo amọ̀ burúkú kan báyìí, etí ẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò kùn ún, wọn ò dán an, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde bíi bíríkì. Wọ́n rí i lọ́pọ̀ yanturu ní Úrúkù àti gbogbo ibi tí ọwọ́ Úrúkù dé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwo tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ fún òṣìṣẹ́ ni, àti pé nínú ìwé wọn, àmì tó dúró fún "jẹun" jẹ́ orí èèyàn pẹ̀lú irú àwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tẹ́ ẹ bá ti rí ìlú tí èèyàn púpọ̀ ò ti jẹ oúnjẹ oko ara wọn mọ́, tó jẹ́ pé àwo ni wọ́n ń nà sílé òrìṣà láti gbà á, ẹ ti rí ìjọba nìyẹn, bí wọn ò tiẹ̀ tíì fọba jẹ.

Nípa pé ilẹ̀ ọ̀hún ò ní nǹkan kan, gbólóhùn tìrẹ gan-an ni ìdáhùn. Torí pé kò ní, wọ́n gbọ́dọ̀ rà. Bàbà ń bọ̀ láti Mágánì, ìyẹn Oman lónìí, òkúta búlúù tí wọ́n ń pè ní lápísì ń bọ̀ láti òkè Afganísítáànì, igi kédárì láti apá Lẹ́bánónì. Kí ni wọ́n fi ń rà á? Aṣọ onírun àgùntàn, tí àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi bálì bọ́ ń hun nílé òrìṣà àti láàfin. Ta ló lè gbé irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ní àká tó kún. Ẹni tó ń gbé orí òkè, tó lójò, tó lókùúta, tó nígi, kí ló fẹ́ fi àká gbọ̀ngbọ̀n ṣe? Àlàáfíà ẹ̀ ló ń jẹ.

akẹ́kọ̀ọ́_alẹ́:

Haa, ẹ ṣé sà, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n olómi. Ti àwo yẹn ti wọ̀ mí lára. Àmọ́ kí ló dé táwọn tó ń na àwo yẹn ò kàn dìde kúrò níbẹ̀? Ilẹ̀ ṣáà fẹ̀.

Ṣókí:

Wọ́n dìde kúrò lọ síbo? Aṣálẹ̀ ni tí wọ́n bá kọjú sápá ibì kan, irà sì ni tí wọ́n bá kọjú sápá kejì. Oko tómi ń dé ò pọ̀. Ẹni tébi ń pa ò ṣàyàn.

Ìyálọ́jà_Ìtàn:

Ṣókí ti sọ ọ́ tán, àwọn kan sì tún sá lóòótọ́, tí wọ́n lọ ń da ẹran. Ẹ jẹ́ ká wá sórí èyí tó dùn jù, ìjà ààlà. Ìwọ olómi yìí, orúkọ tó o sọ ara ẹ pé omi ò lọ́tàá yẹn, tí Lágáṣì àti Úmà bá gbọ́ wọ́n á bá ẹ jà o 😂

Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra wọn, ẹ̀ka odò kan náà ni wọ́n ń mu, ilẹ̀ ọlọ́ràá kan sì wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Gu'edena. Lágáṣì ní ti òrìṣà àwọn ni, Níngírsù, Úmà ní irọ́ ni. Mesalim ọba Kíṣì ló kọ́kọ́ bá wọn dá sí i, ní bíi 2550 BC, ó wọn ilẹ̀, ó ri òkúta mọ́ ààlà. Ẹ wò ó, kì í ṣe pé Kíṣì ń ṣàkóso wọn bí ọba ṣe ń ṣàkóso ìlú tiẹ̀, àmọ́ ọ̀wọ̀ wà fún ọba Kíṣì, ohun tó bá sọ á rìn. Ó rìn fúngbà díẹ̀ ni. Ẹni tó ń jọba Úmà wá fọ́ òkúta yẹn, ó wọlé sórí ilẹ̀. Eannatum ọba Lágáṣì ní bíi 2450 BC kó ogun tì wọ́n, ó ṣẹ́gun, ó sì gbẹ́ ìtàn ẹ̀ sára òkúta ńlá kan tí àfọ́kù ẹ̀ wà ní mùsíọ́ọ̀mù Louvre ní Páríìsì títí dòní. Ẹ wá fọ́tò ẹ̀ wò. Àwọn ọmọ ogun tò, apata wọn gbára wọn mú bí ògiri, ọ̀kọ̀ yọ láàárín apata, wọ́n ń rìn lórí òkú. Lókè, igún ń gbé orí èèyàn fò lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní òkúta igún. Lódì kejì òrìṣà Níngírsù dúró, ó kó àwọn ọ̀tá sínú àwọ̀n bí ẹja, ó ń fi kùmọ̀ fọ́ wọn lórí. Nínú ìwé tó wà lára ẹ̀, wọ́n mú ọba Úmà kó fi àwọ̀n àwọn òrìṣà búra pé òun ò ní kọjá ààlà mọ́ láé.

Ibi tó wá dà bí ọ̀rọ̀ ìsìnyí lójú mi ni pé wọ́n gbà kí Úmà máa ro lára ilẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n máa san bálì fún Lágáṣì, tí wọn ò bá san, èlé á gorí ẹ̀. Wọn ò san. Èlé ń gun èlé. Gbèsè náà pọ̀ débi tí kò sẹ́ni tó lè san án, ó dà bí ẹni pé Lágáṣì gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó fi ń ṣírò ẹ̀. Ni Úmà bá tún dìde, wọ́n yí omi ipa ààlà padà, wọ́n dáná sun àwọn òkúta ààlà. Enmetena, tó jẹ́ ọmọ àbúrò Eannatum, tún lé wọn. Ó kọ gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sára amọ̀, òun la fi mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń sọ yìí, ẹ sì rántí pé ẹnu Lágáṣì nìkan la ti gbọ́ ọ. Ti Úmà, ta ló mọ̀.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n fi jà, torí oko kan. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni bí ọba ṣe ń tóbi sí i nínú ìjà yẹn. Orúkọ tí wọ́n ń pe ọba, lugal, èèyàn ńlá ló túmọ̀ sí, lu ni èèyàn, gal ni ńlá. Àlàyé tí mo gbà jù ni pé àsìkò ogun ni irú èèyàn ńlá bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wúlò, tí ogun ò bá wá tán, òun náà ò lè kúrò. Odi Úrúkù tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ yẹn, ẹ rò pé ta ló ń mọ kìlómítà 9 nítorí ẹwà?

ẸlẹnuMímú:

Gbogbo yín ti jẹ́ kí ọba gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ̀yin ẹ ṣáà dé Mohenjo-daro. Etí odò Íńdọ́ọ̀sì, ilẹ̀ Pakísítàánì lónìí, láti bíi 2600 dé 1900 BC. Àwọn náà ní odò, wọ́n ní àlìkámà àti bálì, wọ́n ní ìlú ńlá. Bíríkì wọn, Harappa ni o, Mohenjo-daro ni o, ìwọ̀n kan náà, gíga ẹ̀ ọ̀kan, fífẹ̀ ẹ̀ méjì, gígùn ẹ̀ mẹ́rin. Òkúta tí wọ́n fi ń wọn ọjà, bákan náà níbi gbogbo. Gọ́tà wà láàárín ìgboro, ọ̀pọ̀ ilé ló ní ibi ìwẹ̀ tó ń ṣàn sínú gọ́tà yẹn. Wọ́n sì ń bá Súmérì ṣòwò, èdìdì wọn wà lára ohun tí wọ́n hú jáde ní Úrì.

Ọba wọn dà? Wọn ò tíì rí ààfin kan tó dájú. Kò sí òkúta igún. Kò sí ọba tó ń fi kùmọ̀ fọ́ orí èèyàn. Kò sí ibojì tí wọ́n kó góòlù kún bíi ti Úrì, níbi tí wọ́n ti sin àwọn ìránṣẹ́ pọ̀ mọ́ olówó wọn. Ẹ wá sọ fún mi, ṣé odò àti ọkà ló ń bí ọba dandan?

Bàbá_Wàláà:

Ẹlẹnu, òótọ́ lo sọ, inú mi sì dùn pé o mú un wá. Ṣùgbọ́n má yára o. Ìwé wọn wà, kò tíì sẹ́ni tó kà á. Súmérì náà, ká ní a ò lè ka wàláà wọn ni, a ò ní mọ Mesalim, a ò ní mọ Enmetena, ilé òrìṣà nìkan la ò bá máa wò. Ẹnì kan ló ṣètò kí bíríkì dọ́gba láti ìlú dé ìlú. Bóyá ọba ni, bóyá ìgbìmọ̀ àwọn oníṣòwò ni, wọn ò kàn gbẹ́ ojú ara wọn sára òkúta ni.

Omi-ò-lọ́tàá:

Ẹ jẹ́ n dáhùn ti Íjíbítì kó tó di pé wọ́n gbàgbé ẹ̀, torí omi ni tèmi náà. (Mà, mo ti gbọ́ ti Lágáṣì, mo máa pa orúkọ dà.)

Náílì ọmọlúàbí lodò. Òjò orí òkè Etiópíà ló ń kún un, omi ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, á bo oko, á da ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sórí ẹ̀, á fọ iyọ̀ kúrò, á fà lóṣù kẹwàá, wọ́n á fúnrúgbìn sínú ẹrẹ̀ tútù, ó di ìkórè kí òmíì tó dé. Bí ẹ bá fi wé ti Yúfírétì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin náà ẹ wo ìyàtọ̀. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ o, wọ́n ń mọ bèbè láti dá omi dúró sóko, àmọ́ iṣẹ́ abúlé ni, kò gba kí ẹnì kan máa pàṣẹ láti ọ̀nà jíjìn.

Ohun tó jẹ́ kí ọba kan ṣoṣo lè mú un ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni Náílì. Láti Aswan, níbi tí àpáta ti dí odò, títí wọ inú òkun, ó lé ní kìlómítà 1,000, ilẹ̀ oko ò sì ju kìlómítà mélòó kan lápá ọ̀tún àti òsì, aṣálẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Omi ń ṣàn lọ sí àríwá, atẹ́gùn ń fẹ́ láti àríwá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, omi á gbé yín, tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ̀, ẹ ta ìgbòkun. Ọba tó bá ní ọkọ̀ ojú omi ti ní gbogbo ìlú nìyẹn, torí kò sílùú tó jìnnà sódò. Òkúta Narmer, ọba Íjíbítì àtijọ́, tí wọ́n rí ní Hierakonpolis ní 1898, ọba kan náà dé adé funfun ti gúúsù lójú kan, ó dé adé pupa ti àríwá lójú kejì, ó ti parí. Nígbà tí wọ́n sì máa tẹ olú ìlú dó, Mémúfísì, ibi tí odò ti ń pínyà sí ẹ̀ka ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, bí ẹní jókòó sẹ́nu géètì.

Yúfírétì dà bí okùn tó tú ní tiẹ̀. Ẹ̀ka púpọ̀, ìlú kan lórí ẹ̀ka kan, odò gan-an sì tún ń ṣí kúrò níbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí Úrúkù àti Úrì fi wà láàárín iyanrìn báyìí, wọn ò kúrò níbẹ̀, odò ló kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

akẹ́kọ̀ọ́_alẹ́:

Ẹni tó ta ìgbòkun bọ̀ yẹn ti ṣí mi lójú. Ó wá ku Ságónì. Tí gbogbo ẹ̀ka bá ní ìlú tiẹ̀, báwo ló ṣe wá kó wọn?

Ìyálọ́jà_Ìtàn:

Ẹlòmíì ti bá a ṣe ìdajì ẹ̀. Lugalzagesi ọba Úmà (bẹ́ẹ̀ ni, Úmà yẹn náà!) ló kọ́kọ́ ń kó àwọn ìlú jọ. Ó jó Lágáṣì, ó kó àwọn ilé òrìṣà ibẹ̀ lẹ́rù, ó gba Úrúkù, ó ń jọba níbẹ̀. Ẹnì kan ní Lágáṣì wá jókòó, ó ka gbogbo ilé òrìṣà tí wọ́n bà jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sára wàláà, ó wá kádìí ẹ̀ pé Urukagina ọba tiwọn ò dẹ́ṣẹ̀ kankan, kí òrìṣà Lugalzagesi gan-an gbé ẹ̀ṣẹ̀ yìí kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ná. Nígbà tí Ságónì ṣẹ́gun Lugalzagesi, àjàgà ọrùn ló fi sí i, ó sì fà á bẹ́ẹ̀ dé ẹnu géètì òrìṣà Énlílì ní Nípúrì. Ara mi bù máṣọ lọ́jọ́ tí mo ka méjèèjì tẹ̀ léra.

Ságónì kì í ṣe ọmọ Súmérì, èdè Ákádì ló ń sọ, èdè tó bá Hébérù àti Lárúbáwá tan, ìtàn sì sọ pé agbọ́tí ọba Kíṣì ni tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣe táwọn tó ṣáájú ẹ̀ ò ṣe ni pé nígbà tó ṣẹ́gun tán, kò gba ìsákọ́lẹ̀ kó padà sílé bí Lágáṣì ti ń ṣe. Ó wó odi wọn. Ó fi àwọn ọmọ Ákádì ṣe gómìnà níbẹ̀. Ó ní 5,400 ọkùnrin ló ń jẹun níwájú òun lójoojúmọ́, àwọn kan gbà pé ọmọ ogun tí kì í padà sóko ni wọ́n, ìyẹn ni pé àwo Úrúkù tí bàbá sọ yẹn ti di àwo sójà. Ó fi ọmọ ẹ̀ obìnrin, Enheduanna, ṣe àwòrò àgbà òrìṣà òṣùpá ní Úrì, káwọn ará gúúsù lè rí ẹni tó ń bọ òrìṣà wọn. Orin ìyìn òrìṣà tó wà lórúkọ obìnrin yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ ọ́n bí òǹkọ̀wé tó pẹ́ jù tí orúkọ ẹ̀ wà lára ohun tó kọ. Ó ju akọ̀wé àká bàbá lọ jàre.

Àmọ́ kò rọrùn fún wọn o. Gbogbo ìgbà tí ọba Ákádì bá kú ni àwọn ìlú ń dìtẹ̀. Naram-Sin, ọmọ ọmọ Ságónì, ní ogun mẹ́sàn-án lòun jà lọ́dún kan ṣoṣo, lẹ́yìn ẹ̀ àwọn ará Ákádì bẹ àwọn òrìṣà kí wọ́n jẹ́ kó di òrìṣà ìlú wọn. Ẹ rí i, ọ̀dọ̀ èèyàn ńlá la ti bẹ̀rẹ̀. Ní bíi 2150 BC gbogbo ẹ̀ ti fọ́, ọ̀dá wà níbẹ̀, àwọn ará Gútì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, àwọn ìlú náà sì ti ń wá àyè tẹ́lẹ̀. Kò pé igba ọdún, ó tán. Ìlú Ákádì fúnra ẹ̀, a ò tíì mọ ibi tó wà títí di báyìí.

ẸlẹnuMímú:

Ságónì yìí náà kọ́ ni wọ́n ní ìyá ẹ̀ gbé sínú apẹ̀rẹ̀ esùsú, tó fi ọ̀dà dí i, tó gbé e sójú odò? Mósè gan-an. Òun náà ló sì wà nínú Àìsáyà orí 20 àbí?

Bàbá_Wàláà:

Ìtàn apẹ̀rẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé tó sọ ọ́, ayé àwọn ará Ásíríà la ti rí i, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn tí ọba yẹn ti kú. Ti Àìsáyà orí 20, rárá o, ọba Ásíríà nìyẹn, ó gorí ìtẹ́ ní 722 BC, orúkọ ọba àtijọ́ ló mú láti fi ṣe fọ́ńté. Ó lé ní 1,500 ọdún láàárín wọn. Ẹ má pò wọ́n pọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi ò yé é pò wọ́n pọ̀ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ wọn.

akẹ́kọ̀ọ́_alẹ́:

Èmi gan-an ti pò wọ́n pọ̀ nínú nóòtì mi, mo ń lọ pa á rẹ́ báyìí. Ẹ ṣé gan-an ni.